Ohun Tí Mo Fi Ẹnu Mi Sọ Ní Abala Kẹjọ

                                        Nínú ọkọ̀ mi,
                                        Ibùdó Àwọn Onítírélà,
                                        Òpópónà 80,
                                        Iowa.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹfà, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Roscoe,

Ẹ kú iṣẹ́ ìkórè o, ẹ sì kú oòrùn. Ṣé àlìkámà yín ti gbẹ tó láti gé, àbí òjò tún dá yín dúró? Nadine ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Ajá arúgbó yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbó ọkọ̀ ìkórè bí ẹni rí olè? Ara tèmi le, àfi etí òsì mi tó wà lápá fèrèsé ọkọ̀, tó túbọ̀ ń di sí i. Má dààmú nípa ìyẹn.

Roscoe, mo ṣe ohun kan lánàá tí ara mi kò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Emmett ọmọ rẹ wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, mo la ẹnu sílẹ̀, n kò lè pa á dé. Fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú.

O mọ òfin àwa awakọ̀: bí wákàtí ìwakọ̀ bá ti pé, a gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀ tì fún wákàtí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ti ọ̀sẹ̀ yìí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú Tallow Creek gan-an, níbi tí ẹgbẹ́ Emmett ti ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù. N kò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo wẹ̀ ní ibùdó, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní òróró lára, mo ra ẹ̀pà àti búrẹ́dì onísọ́séèjì méjì, mo sì lọ jókòó lẹ́yìn àwọ̀n. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Arvella wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní láti ọdún mọ́kàndínlógún ni òun ti ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápá náà sínú ìwé. Níwájú wa ni ọkùnrin méjì tí ẹgbẹ́ ńlá rán wá wo àwọn ajubọ́ọ̀lù jókòó sí, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó lé orúnkún. Bí mo ṣe rí wọn ni mo mọ̀ pé ọjọ́ ìdánwò ọmọ náà nìyẹn. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ kúkú ti sọ fún Emmett ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé bí kò bá rí ẹgbẹ́ ńlá wọ̀ lọ́dún yìí, kó máa lọ sílé.

Háà, Roscoe, ọmọ yẹn ju bọ́ọ̀lù! Àwọn onígi tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wá, wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́, wọ́n ń padà lọ jókòó. Nígbà tó di abala kẹfà, mo gbójú sókè wo pátákó, orí mi wú. Kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan tó rí i gbá. O mọ òfin ibẹ̀ jù mí lọ, ìwọ lo fi kọ́ ọmọ rẹ láti kékeré. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ń jù ú lọ tí ẹnì kan kò tíì rí i gbá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ọ́, kí nǹkan náà má baà bàjẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó tì í, wọn kò gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀ pàápàá. Mo yọjú wo ìwé Arvella, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Gbójú ẹ kúrò ńbẹ̀, jàre."

Abala kẹjọ nínú mẹ́sàn-án dé, gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà gan-an ni fóònù mi dún. Marlys ni, ẹni tó ń pín ẹrù fún wa ní ọ́fíìsì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń wakọ̀ yìí, bí ọ́fíìsì bá pè, ọwọ́ mi á ti gbé e kí orí mi tó ronú.

"Bọ̀dá Verlon, ibo lẹ wà? Ibẹ̀ mà dákẹ́ o, àbí wọ́n ti sin yín ni?"

Etí òsì ni mo gbé e sí, n kò gbọ́ ọ dáadáa, mo wá rò pé òun náà kò gbọ́ mi. Ni mo bá figbe ta bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì.

"Ibi eré Emmett ni mo wà! Abala kẹjọ rèé, wọn ò tíì rí i gbá o! Ẹyọ ẹnì kan ò tíì rí i gbá!"

Ohùn mi lọ kan ògiri òdìkejì pápá, ó tún padà wá bá mi. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Arvella.

"Kí lo sọ?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ, ẹlẹ́nu gbàgà! Kí lo fẹnu ẹ sọ?"

"Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá yẹn!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Òmíràn ní, "Ta ló gbé fèrè tírélà wọbí?"

Emmett yíjú sọ́dọ̀ wa láti àárín pápá. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì ju bọ́ọ̀lù. Onígi tó wà níwájú rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti ń gbá afẹ́fẹ́ láti ọ̀sán, gbá a gbàì. Bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, ó já sínú koríko. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọlé wá, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Emmett, ọmọ náà jáde. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn ká ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ. Arvella fi tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀ gbá mi lórí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilẹ̀ bá lanu, n bá kó sí i. Mo ti ba ayé ọmọ àbúrò mi jẹ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí eré parí, mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó jáde, wọ́n ti fi yìnyín di apá ọ̀tún rẹ̀ láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́.

"Emmett, ọmọ mi, forí jì mí. N ò mọ ohun tó ṣe mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti ń sunkún.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Láti abala karùn-ún ni nǹkan ti já nínú ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo gbọ́ ọ tó dún pà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni n bá sọ fún? Ẹnìkan ò wá jókòó tì mí. Dókítà ẹgbẹ́ gan-an gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé omi mu, kò sẹ́ni tó rí i, torí wọn ò fẹ́ wò mí. Bí mo bá sì la ẹnu, á jẹ́ pé èmi ni mo ba nǹkan yẹn jẹ́."

"Ọlọ́run mi o! O wá ń jù ú lọ bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń gbàdúrà kẹ́nì kan ṣáà gbá a, kí wọ́n lè mú mi kúrò. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yín, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ni mo bá ju èyí tí arúgbó lè gbá."

Roscoe, ṣé o gbọ́? Ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú!

Láàárọ̀ yìí, mo tú ẹrù sílẹ̀ ní ibùdó, mo fi orí tírélà nìkan gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Marlys pariwo títí, mo ní kó máa pariwo lọ. Dókítà ní iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ya dé ìdajì, pé abala kan sí i, ì bá já pátápátá. Ó máa sinmi títí di ìgbà òtútù. Bóyá yóò tún ju bọ́ọ̀lù, dókítà kò ṣèlérí, èmi náà kò ní purọ́ fún ọ. Emmett mú mi búra pé n kò ní pè ọ́ lórí fóònù. N kò pè ọ́, ìwé ni mo kọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn yí ọmọ yẹn ká, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, a wá pa ẹnu mọ́ fún un nígbà tí apá rẹ̀ ń ya. Bí kì í bá ṣe àṣìṣe mi, à bá fi ìfẹ́ sọ ọ́ di aláàbọ̀ apá. Èmi náà ti ń ṣọ́ ẹnu mi láti abala kẹfà, mo sì rò pé ohun rere ni mò ń ṣe.

Bá mi kí Nadine, kí o sì ka ìwé yìí sí i létí sókè. Má fi pamọ́ fún un. Kí ẹ wá jọ pe Emmett. Ìwọ ni ẹ̀rù rẹ ń bà á, kì í ṣe dókítà. Má bi í léèrè eré. Bi í pé apá ńkọ́, kí o sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹlẹ́nu gbàgà,
Verlon.