Fèrè Tí Mi Ò Fọn

                                                  Òkè Lacaille,
                                                  Ẹkùn St. Patrick,
                                                  Grenada.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2018.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Leopold,

Ẹ kú òtútù o. Wọ́n ní yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn mọ́ yín ní Toronto níbẹ̀ yẹn, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ìyàwó wa, Marva, ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń pè yín, àbí wọ́n ti di òyìnbó pátápátá? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara mi le, mò ń jẹun, mò ń sùn. Orí mi nìkan ló dàrú. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé dípò kí n pè yín nìyẹn, torí bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló máa jáde tàbí ẹ̀rín.

Mo mọ̀ pé Odile aládùúgbò wa ti pè yín. Ta ni ò mọ ẹnu Odile? Ohunkóhun tó bá sọ fún yín, ẹ dá a sí méjì, ẹ ju ìdajì nù, kí ẹ wá gbọ́ tẹnu èmi tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Èmi àti Tantie Euphrasia ń bára wa yan odì. Bẹ́ẹ̀ ni, Tantie wa náà, àbúrò ìyá wa. Igi bẹrẹfúrútù tí Ìyá gbìn sí ààlà ilẹ̀ wa àti tiwọn ló fà á. Mo ká mẹ́ta níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo fẹ́ fi se oil down, oúnjẹ alágbọn wa. Bí mo ṣe gbé bọ́ọ̀sì dé iwájú ilé wọn lọ́jọ́ kejì, tí èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, Tantie dìde dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi igbe ta. "Verlyn! Olè! Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ pé wọ́n máa ń tọrọ nǹkan ni?" Bọ̀dá, igi ìyá mi! Níwájú èrò! Mo fi ọkọ̀ sí jíà, mo kọjá, mo sì búra lọ́kàn mi pé láti ọjọ́ yẹn lọ, mi ò ní fọn fèrè ọkọ̀ fún wọn mọ́.

Ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi, àmọ́ ẹ ò lè gbàgbé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò sí awakọ̀ kan tó ń yí kọ́nà yẹn tí kì í fọn ún lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú fún Tantie, kí àwọn náà sì gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi nígbà tí ẹ ń kọ́ mi ní mọ́tò. Látìgbà tí ojú wọn ti ń ṣú, etí ni wọ́n fi ń mọ gbogbo wa. Wọ́n mọ fèrè ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, èmi Verlyn ń kọjá níwájú wọn, mo dákẹ́ lọ gbári, mo gbójú síwájú bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú. Ó ń dùn mí, ó sì tún ń dùn mọ́ mi, kí n má purọ́ fún yín.

Ọjọ́ Túsìdeè kan, ní ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ni wàhálà dé. Ẹ mọ àmì tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré tó dojú kọ ilé Tantie, pé kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè nítorí àwọn aláìsàn? Látìgbà tí wọ́n ti rì í, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nọ́ọ̀sì gan-an máa ń jáde wá juwọ́ sí wa. Àfi kọ́púrà ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n gbé wá láti ìgboro, Gittens lorúkọ rẹ̀, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì láàárín wa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì Ignatius ló ṣáájú mi. Ó fọn fèrè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yí kọ́nà, ó lọ. Èmi wá ń bọ̀ lẹ́yìn, mi ò fọn nǹkankan. Ni kọ́púrà bá já jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ! Dúró síbẹ̀! Ṣé o ò mọ̀wé kà ni?"

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Aláìsàn ń bẹ níbí, o wá ń fọn fèrè bí ẹni ń gbé ìyàwó!"

"Èmi kọ́, sà."

"Etí tèmi ló dí, àbí?"

"Etí yín ò dí, sà. Èmi kọ́ ṣáá ni."

"Ta wá ni? Iwin?"

Bọ̀dá, mo mọ ẹni tó jẹ́, àmọ́ ẹ mọ̀ pé lójú ọ̀nà tiwa yìí, awakọ̀ kì í fi awakọ̀ sun ọlọ́pàá. Mo panu mọ́. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn mi ni ò panu mọ́. Wọ́n gbọ́ fèrè Ignatius, wọ́n rò pé tèmi ni; àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n fẹ́ gbèjà mi. Odile yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Àǹtí rẹ̀ ló ń kí! Gbogbo wa là ń kí wọn!" Bàbá kan tó ti ń hanrun láti ìsàlẹ̀ òkè jí, ó ní, "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni." Kọ́púrà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò tíì rí ọ̀daràn tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dáa tó báyìí rí. Ó já ìwé ẹ̀sùn lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ti dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan torí ibi tí mo páàkì sí. Bí wọ́n bá tún dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì kí ọdún tó yí, wọ́n á gba ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé èrò fún oṣù mẹ́ta, ilé-ìwé á sì gbé àwọn ọmọ tí mò ń gbé láràárọ̀ fún awakọ̀ mìíràn. Ẹ mọ̀ pé mi ò níṣẹ́ míì. Mo ní màá lọ sí kóòtù, màá jà á.

Gbogbo Òkè Lacaille ló bá mi dìde. Ẹ ò bá rí wọn! Mi ò lè ra iyọ̀ kí ẹnì kan má dá mi dúró. "Verlyn, sọ fún adájọ́ pé àgbà lo kí. Adájọ́ wo ló máa fìyà jẹ ẹni tó kí àgbà?" "Gbogbo wa máa wá jẹ́rìí pé o fọn ún!" Mò ń dúpẹ́, mò ń mi orí bí alángbá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò kí àgbà kankan? Bí mo bá ní mo fọn fèrè, mo jẹ̀bi lójú òfin. Bí mo bá ní mi ò fọn ún, mo jẹ̀bi lójú gbogbo ìlú, ọmọ tó ń gba iwájú àbúrò ìyá rẹ̀ kọjá bí ẹni gba iwájú òpó iná. Ẹ sọ fún mi, Bọ̀dá, ibo lèèyàn ń gbé e gbà?

Mo lọ bá Ignatius níbi tó ti ń fọ ọkọ̀.

"Ignatius, ìwọ lo fọn fèrè yẹn, o sì mọ̀."

"Mo mọ̀, Verlyn. Àmọ́ èmi náà ní ẹ̀bi kan nílẹ̀. Ṣé kí n wá gbé tìẹ rù? Màá máa gbàdúrà fún ẹ."

"Fi àdúrà ẹ fọ mọ́tò ẹ."

Ó tún wá na ìka sí mi. "Ìwọ gan-an, kí ló dé tó ò fọn? Tantie ńkọ́? Ìwọ yìí náà!" Ẹ gbọ́ ẹni tó ń bá mi wí!

Ìgbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ẹjọ́ pé ni mo pinnu pé màá gbé ìtìjú mì, màá sọ òótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè bá mi jẹ́rìí sí i láyé yìí, Tantie fúnra wọn. Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní kóòtù. Odile ló mú ìwé lọ fún wọn, ó ní wọn ò sọ ju "màá wá" lọ. Mo ní ó dáa. Mo mọ̀ pé inú wọn á dùn láti tú mi fó níwájú ìjọ ènìyàn, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi kí àwọn. Ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn.

Wọ́n wá lóòótọ́. Fìlà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n dé, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun, Odile dì wọ́n mú. Kóòtù kún. Kọ́púrà rojọ́ tirẹ̀. Ó kàn mí. Mo ní, "Mi ò fọn fèrè, mà. Èmi àti àǹtí mi ń yan odì ni." Háà tó sọ nínú kóòtù yẹn! Ẹnì kan lẹ́yìn mi pòṣé. Adájọ́ obìnrin yẹn yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

"Mi ò kí wọn, mà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ilẹ̀ ìbá lanu, mi ò bá wọ inú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé òógùn ń ṣàn sínú bàtà mi. Wọ́n pe Tantie. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Bíbélì, wọ́n búra.

"Mà, ṣé ẹ gbọ́ fèrè ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ta ló fọn ún?"

Tantie yí ojú sí apá ibi tí mo wà. "Verlyn ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ojoojúmọ́ ló máa ń kí mi."

Adájọ́ béèrè bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn ti ń jókòó níbẹ̀, kò sí fèrè tí àwọn ò mọ ẹni tó ni ín. Adájọ́ wá kọjú sí mi, ó ní ṣé mo ní ìbéèrè fún ẹlẹ́rìí tí èmi fúnra mi pè. Mo ní in, Bọ̀dá! Ó wà ní orí ahọ́n mi. Mo fẹ́ ní, "Tantie, ṣé ẹ ò mọ fèrè Ignatius ni?" Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ fèrè Ignatius. Àmọ́ mo wo ìbọ̀wọ́ funfun yẹn lórí Bíbélì. Bí mo bá béèrè, mo ti sọ wọ́n di òpùrọ́ níwájú gbogbo ìlú, pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

"Mi ò ní ìbéèrè, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọn ún ni, àbí ẹ ò fọn ún?"

"Mo fọn ún, mà."

Adájọ́ wò mí, ó wo Tantie, ó ní, "Ẹ̀yin ará Òkè Lacaille, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè ni?" Ó gba ìwé àṣẹ mi fún oṣù mẹ́ta. Kọ́púrà gan-an ń họrí, kò dà bí ẹni tó borí rárá.

Ọkọ̀ Ignatius la wọ̀ padà sílé, èmi àti Tantie, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Nígbà tí a dé kọ́nà, Ignatius rọra yọ́ kọjá, kò jẹ́ fọn fèrè, ẹ̀rù kọ́púrà ń bà á. Mo mú Tantie sọ̀kalẹ̀, mo sì dá wọn dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Tantie, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́."

"Ignatius ni. Fèrè tó há bí àkùkọ tí òtútù mú. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló wá dé, Tantie? Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu mi!"

Wọ́n ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Verlyn. Màá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ láti ìsàlẹ̀, màá ti gbé ọwọ́ sókè dè ẹ́. Wàá kọjá. Ọwọ́ mi á wà lókè níbẹ̀, àwọn èrò ẹ á máa wò mí. Ṣé ìyẹn lo fẹ́ kí n sọ ní kóòtù?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má bàa fi aṣọ kóòtù kó eruku, wọ́n sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ bẹrẹfúrútù ṣì wà nílẹ̀ o, àwọn ò tíì darí rẹ̀ jì mí.

Bí ó ṣe rí nìyẹn, Bọ̀dá. Ignatius ni ilé-ìwé gbé àwọn ọmọ fún. Mo wà nílé, mò ń gbá àgbàlá tí kò dọ̀tí. Ẹni tó fọn fèrè ń gbé èrò, ẹni tó purọ́ lórí Bíbélì ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀, èmi tí mo sọ òótọ́ ni mo pàdánù. Bí mo bá sì wò ó títí, èmi náà ni mo jẹ̀bi jù. Mo gbé e sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì, kò yé mi. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ náà, kí ẹ sì fèsì kíákíá.

Ẹ bá mi kí Marva, ẹ fi òróró pa orúnkún náà fún wọn. Ẹ kí àwọn ọmọ. Odile kí yín. Tantie kí yín, wọ́n ní ẹ̀yin ò jí bẹrẹfúrútù rí.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbọdọ̀ gbé èrò títí di oṣù Òkúdù,

Verlyn.