Orúkọ Ìyá Àgbà ní Erékùṣù Imja

Ilé Kẹtàlélógún,
Àdúgbò Yangnim,
Gwangju.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Do-yun,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òjò Busan. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Bàbá Do-yun ńkọ́? Ara Ìyá Àgbà le. Ẹnu wọn ló tilẹ̀ le jù.

Ẹ rántí ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, pé bàbá Ìyá Àgbà, Pásítọ̀ Tak, lọ wàásù ní erékùṣù Imja, ó fẹ́ obìnrin mìíràn síbẹ̀, kò sì padà mọ́. Ọmọ ọdún méje ni Ìyá Àgbà nígbà náà. Ìtàn yẹn kò wọ̀ mí létí rí. Mo mú àwòrán pásítọ̀ náà kan ṣoṣo tó kù, mo wọ bọ́ọ̀sì gba orí afárá, ó di Imja.

Alàgbà Pyo ló ń tọ́jú ìwé ìjọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí àwòrán náà ni wọ́n pariwo: "Háà! Pásítọ̀ Ẹlẹ́rẹ̀ rè é!" Wọ́n ní bí omi òkun bá ti fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló fi ń la ẹrẹ̀ kọjá láti erékùṣù kan sí èkejì. Ìwé ìjọ sọ ìyókù. Àrùn onígbá-méjì jà lọ́dún 1940. Ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, òun náà kó o, ó sì kú. Ìjọ kọ lẹ́tà sílé, àmọ́ ẹbí wa ti kó kúrò, lẹ́tà bá padà síbi tó ti wá.

Mo ní, "Obìnrin wo wá ni wọ́n ń wí?"

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin kẹ̀? Ọmọ ọwọ́ ni! Pásítọ̀ ló ṣe ìrìbọmi fún un, ó sọ ọ́ ní Ok-bun. Àwọn arìnrìn-àjò ń gbọ́ 'Ok-bun mi, Ok-bun mi' lẹ́nu rẹ̀, wọ́n rò pé ìyàwó ni."

Ẹ̀gbọ́n mi, Ok-bun! Orúkọ Ìyá Àgbà gan-an! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa ni ó pẹ́ lọ́nà.

Inú oko àlùbọ́sà la ti bá Ok-bun kejì, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó ní, "Màmá mi sọ fún mi pé pásítọ̀ ní ọmọ kan nílé tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Pásítọ̀ ní kí òun ṣáà rí ẹni tí òun á máa fi orúkọ náà pè."

Mo pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, mo ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Gbé fóònù fún olè tó jí orúkọ mi!"

Ok-bun kejì dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lò ó gbó. Ẹ wá gbà á!"

Ẹ̀rín ń bọ́, omijé ń bọ́. Mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà rí: "Bàbá mi ò gbàgbé mi."

Ọjọ́ Sátidé la ń lọ síbi sàréè rẹ̀. Ìyá Àgbà ti di ẹrù wọn láti àná, wọ́n sì ní ẹ̀yin ni ẹ máa wa ọkọ̀, pé wèrè ni èmi nídìí ọkọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a máa retí yín o.

Ẹ bá mi kí Do-yun àti bàbá rẹ̀.

Àbúrò yín tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó,
Maeng Yeon-hwa.