Orí Tírélà tí N Kò Yẹ̀ Wò

Tudun Wada,
Minna.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Ayọ̀olúwa ọkọ rẹ, mo sì kí àlejò kékeré tó dé sọ́wọ́ yín tí kò jẹ́ kí ẹ sùn mọ́. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí omi má wọ́n yín ní Ìlọrin, kí ara ọmọ le koko. Ara ìyá rẹ le. Orúnkún rẹ̀ tó ń dà á láàmú ti rọ̀ díẹ̀, ó sì ti padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọdé du orin gíga.

Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún pè ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìgbà méjèèjì ni mo yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí mo wá ń bi ọ́ bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Ìwọ náà fura, o ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Ó wà. Rọra ka ohun tí mo kọ yìí, torí mo mọ̀ pé Hausa lo fi ń jà nígbà tó o wà ní kékeré, ìgbà tó o bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nìkan lo máa ń rántí Yorùbá.

O rántí Màmá Ọlánípẹ̀kun tó ń gbé ní Soje, tó máa ń fún ọ ní bisikíìtì lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ara tírélà gígùn kan ló fi sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ṣùgbọ́n orí tó ń fà á ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́, tírélà tí kò sì lórí, ibùjókòó ewúrẹ́ lásán ni. Màmá wá pinnu láti ra orí mìíràn, tòkunbọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tó lágbára láti fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè. Owó tó bá wọlé níbẹ̀ ni yóò máa jẹ, òun náà ni yóò fi tọ́ àwọn ọmọ tó ṣì wà níléèwé. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bọ̀dá Adéagbo, ojú yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tẹ́ ẹ bá ní kí n rà ni màá rà."

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe máa ń fọ́nnu. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì níbí, bóyá la fi lè rí Yorùbá kan tó fẹ́ ra mọ́tò ńlá tí kò ní wá mi wá. Mo sì ní òfin tèmi. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń lọ, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù bí ìkòkò àná, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó máa ń ṣòro jí láàárọ̀, bí wọ́n bá sì ti tan án ṣáájú, àìsàn rẹ̀ ti fara pamọ́ nìyẹn. Màá ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí n wò ó bóyá èéfín ń tú níbẹ̀. Màá wọ abẹ́ rẹ̀, màá yẹ àwo irin tí ọrùn tírélà ń jókòó lé wò, bóyá eyín tó ń di ọrùn náà mú ti jẹ. Lẹ́yìn náà la óò so tírélà tó lẹ́rù mọ́ ọn, tí a óò fi gun òkè. Gbogbo awakọ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ mi pé mọ́tò tó ń dá sáré láìru nǹkan, ẹ má tíì yìn ín.

Orí tírélà tí wọ́n júwe fún Màmá, bàbá ọkọ rẹ ló ni ín, ní Barkin Sale. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé kí n bá wọn wá. Èmi, Màmá, àti Taofeek, ọmọ Jàmílàt, tí yóò máa wa mọ́tò náà, la jọ lọ. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán nínú kẹ̀kẹ́, Bàbá Oyèbọ́lá, àna mi, ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, níwájú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkùnrin náà jù mí lọ. Mo sáré gbé e dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní ẹni tó fún àwọn lọ́mọ kì í kéré lójú àwọn. Wọ́n gbé àga fún mi sábẹ́ igi dongoyaro, wọ́n gbé omi tútù wá. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi, inú mi sì dùn, kí n má parọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo dìde, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ó gbóná. Wọ́n ti tan án kí a tó dé. Rẹ̀mí, ọwọ́ mi mọ ohun tó fi kàn, ọkàn mi sì sọ fún mi pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ká ní ẹlòmíràn ló ni ín ni, ǹ bá ti ní ká lọ, ká padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, bí ẹni tó ń wá ẹrù olè? Mo tún ro tìrẹ. Mo ní ọmọ mi wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Wọ́n tan mọ́tò, mo tẹ́tí díẹ̀, mo mi orí bí ẹni tí ó tẹ́ lọ́rùn. Taofeek ní kí òun fi lọ so tírélà Màmá, ká dán an wò bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kanra mọ́ ọn, mo ní, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Mo yíjú sí Màmá, mo ní ó dára, kó rà á. Obìnrin náà kò bi mí ní ìbéèrè kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n di iṣu kún tírélà yẹn, ọ̀nà Paiko ni wọ́n gbà, Abuja ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín dúdú, agbára rẹ̀ ń lọ, ó sì kú pátápátá. Bíréèkì kò mú mọ́. Ẹrù ń fà á padà sẹ́yìn, àwọn obìnrin tó ń ta èédú sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Taofeek darí mọ́tò sínú kòtò kó má bàa lọ bá wọn. Ọrùn tírélà já kúrò lórí àwo, ara tírélà dojú dé, ó ṣẹ́ láàárín. Iṣu fọ́n ká inú igbó. Ẹsẹ̀ Taofeek há sáàárín irin, ó dá. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó kú.

Nígbà tí wọ́n dá Taofeek sílẹ̀ lọ́sibítù, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ará ilé rẹ̀ péjọ sí pálọ̀ Màmá. Igi méjì ni ọmọkùnrin náà fi tilẹ̀ wọlé. Ó ní, wallahi, ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ òun lọ́wọ́, òun kò sá eré kankan. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Màmá rọra bi mí bóyá mọ́tò náà dára nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọ̀rọ̀, Rẹ̀mí. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Mọ́tò tí mo wò kò ní àbùkù. Ẹ bi awakọ̀ ohun tó ṣe sí i." Taofeek wò mí. Kò bú mi, kò sì rán wọn létí ohun tó sọ fún mi ní Barkin Sale. Ó kàn wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó fẹ́ gbé mọ́tò fún un mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì san, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé bó bá tiẹ̀ san, kí ẹnikẹ́ni má fún un níṣẹ́. Ní gáréèjì, Taofeek Kòtò ni wọ́n ń pè é. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń gbà kọjá lọ kírun, á sì dúró kí mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Mo máa ń dá a lóhùn láti abẹ́ mọ́tò tí mò ń tún ṣe, kí n má bàa rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gbé ìbínú mi, mo kọrí sí Barkin Sale. Lójú tèmi, bàbá ọkọ rẹ ló yẹ kó ru ẹ̀bi náà, torí òun ló tan mọ́tò ṣáájú kó lè fi tàn wá jẹ. Mo bi í gbangba pé kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì náà fi gbóná kí a tó dé. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó ní, "Àna mi, torí yín ni. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ fọ̀, kẹ́ ẹ má bàa fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ títà ni mò ń ṣe, n kò mọ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ni mo ṣe rà á, n kò fi ru ẹrù rí. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá nìyẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí àléébù bá wà lára rẹ̀, àna wa á rí i, wọn á sì sọ fún wa."

Ọmọ mi, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Ọkùnrin náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ni mo sọ ọ́ di olè nínú ọkàn mi, tí mo tún wá torí olè tí mo dá sílẹ̀ yẹn parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ǹ bá bèèrè lábẹ́ igi lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ ì bá sì dùn sí i. Ó bi mí bóyá mo yẹ mọ́tò náà wò dáadáa. Mo ní n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Haba, àna mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo bẹ Màmá kó tún pe gbogbo àwọn tó wá níjọ́sí. N kò jókòó. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná títí dé irọ́ tí mo pa mọ́ Taofeek. Màmá fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. Ìtìjú náà pọ̀ jù fún mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre, mo ní, "Ẹ ṣàánú mi, nítorí ọmọ mi tó wà nílé wọn ni." Jàmílàt, ìyá Taofeek, dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, èmi náà bímọ."

Bàbá ọkọ rẹ ti gba mọ́tò rẹ̀ padà, ó sì ti dá owó Màmá padà fún un bó ṣe tọ́, láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ara tírélà tó ṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi àti àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ la jọ ń tún un ṣe. Mo tẹ̀ lé Taofeek lọ sí gáréèjì, mo dúró láàárín àwọn awakọ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ náà ló tiẹ̀ dá ẹ̀mí àwọn ènìyàn sí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi Hausa sọ ọ́ pé irú àwa àgbà báyìí ló ń ba ìlú jẹ́. N kò fèsì. Ọlọ́kọ̀ kan ti ní òun yóò gbé mọ́tò fún un bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá san. Ní tèmi, àwọn tó ń pè mí wá wo mọ́tò ti dín kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ gan-an rèé. Ọ̀rọ̀ kì í jókòó síbì kan. Láìpẹ́, ẹnì kan á ti Minna dé ọ̀dọ̀ yín, á sọ fún ọ pé nítorí rẹ ni bàbá rẹ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọmọ kan jẹ́. Kò ní parọ́ mọ́ mi, torí ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má gbà á. O kò rán mi níṣẹ́, o kò sí níbẹ̀. Ká ní mo yẹ mọ́tò yẹn wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí ohun tí wọn ì bá fi ọ́ ṣe nílé ọkọ rẹ. Àgbàlagbà kan dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba, ó dùn mọ́ mi, n kò sì fẹ́ ṣe ohunkóhun tí yóò gba adùn náà lẹ́nu mi. Nígbà tó wá di wàhálà, orúkọ ọmọ mi ni mo fà bo ara mi. Èyí ló ń tì mí lójú ju irọ́ náà lọ. Kì í ṣe nítorí rẹ, Rẹ̀mílẹ́kún. Nítorí ara mi ni.

Kí Ọlọ́run bá ọ tọ́ ọmọ tó fún ọ. Kí ilé rẹ tòrò, kí ìwọ àti ọkọ rẹ máa gbọ́ ara yín yé. Kí ẹnu rẹ má kọ òtítọ́ níbi tó bá ti nira láti sọ ọ́, kí ọmọ rẹ má sì ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Simeon Adéagbo.

Àfikún: Ìyá rẹ fi kúlíkúlí ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ó ní kó o má jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Bí Ayọ̀olúwa bá bi ọ́ ní ohun tí mo kọ, má sọ ọ́ ní ṣókí fún un. Gbé lẹ́tà náà fún un kó kà á fúnra rẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ni mo fura sí láìtọ́.