Irin Agbọ̀n Tó Tẹ̀ ní Àgùdà

Ohun tí mo ti ń sún síwájú tipẹ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ: n kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ wa dára tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ. Èmi tí mo kọ́ wọn ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi, Olúmúyìwá Àkàngbé Ọládipúpọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Àgùdà, Súrùlérè, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n fún àwọn obìnrin àdúgbò wa, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Ọkàn mi ni kò ṣe dáadáa mọ́. Dókítà ní Ìdí-Àràbà ti ní n kò gbọdọ̀ gun òkè tàbí gbé ohun tó wúwo. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

1. Ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ di ti ìyàwó mi, Abọ́sẹ̀dé. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má bá a dù ú. Gbogbo Sátidé ló ń dá jókòó sílé nígbà tí mo bá wà ní pápá. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá. Èmi ló fẹ́ràn. N kò mọ ohun tó rí lára mi.

2. Fèrè mi di ti ọmọ mi, Tiwalọlá, balógun ẹgbẹ́ náà.

Tiwalọlá, o ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ní kí pẹ́ńtà má kọ “Ẹgbẹ́ Tó Dára Jù” sára ògiri pápá. O ní, “Dádì, gbogbo líìgì la nà, kí lẹ tún ń wá?” Òótọ́ ni. Ní gbogbo sáà yẹn, kò sẹ́ni tó borí yín. Ńṣe lẹ̀ ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Ṣùgbọ́n pápá wa ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé, nítorí omi ti gba ti àwọn yòókù. Irin agbọ̀n wa méjèèjì sì tẹ̀ sápá òsì láti ọjọ́ tí wẹ́dà ti gbé wọn kọ́. Mo fẹ́ tún wọn ṣe, ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé oríire wa ni. Mo gbà fún yín. Ọwọ́ yín mọ ibi tó tẹ̀ sí. Àwọn àlejò ń jù ú dáadáa, ó ń bọ́ síta. Nígbà tí a dé àṣekágbá ìdíje mìíràn ní Yábà lẹ́yìn líìgì, níbi tí irin ti gún, tìrẹ náà ń bọ́ síta. A pàdánù. O ní ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá lè tan ènìyàn jẹ, ṣé odindi sáà kò lè tàn án jẹ ni?

3. Jethro, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Yábà, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Kó gba ajá mi náà.

Ọ̀rẹ́ ilé ìwé mi ni. Lọ́jọ́ àṣekágbá ló pariwo lójú gbogbo èrò pé, “Kóòṣì, ṣé ẹ gbàgbé irin yín sílé ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, a kì í kí ara wa. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti ń rò ó kó tó sọ ọ́. Mo yàn án nítorí kò ní pọ́n mi lé.

4. Ife ẹ̀yẹ líìgì tí a gbà: n kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Sáà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Bí àwọn ọmọ náà bá borí ní sáà náà lórí irin tó gún, kí pẹ́ńtà padà wá, kó kọ ọ́ gàdàgbà. Bí wọn kò bá borí, kí Tiwalọlá gbé ife náà pamọ́ sílé, kí ògiri wà bó ṣe wà.

5. Àkàbà àti sípánà mi di ti ẹgbẹ́, láti ọ̀tunla lọ. Mo ń lò wọ́n lọ́la. Kí oòrùn tó mú, èmi fúnra mi yóò gun àkàbà náà, màá tú irin méjèèjì, màá sì tún wọn gbé kọ́ kí wọ́n gún. Ìyá Tiwa, má dá mi dúró.

Mo fọwọ́ sí i: O. A. Ọládipúpọ̀
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Bọ́lárìnwá Adégòkè, ará ilé wa.
Salome Ẹkúndayọ̀, nọ́ọ̀sì, ará ilé wa. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé ìwé lòun fọwọ́ sí, kì í ṣe àkàbà.