Ẹyin Adùn Nínú Àpótí Aṣọ Ọmọ

                                                            Agbo-ilé Jagun,
                                                            Ajégúnlẹ̀,
                                                            Ṣakí.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1986.

Ràmọ́nì ẹnìkejì mi,

Máṣínnì ni o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ẹni tó wá sọ fún ẹ ní Kíṣí pé òun rí mi lórí máṣínnì pupa ò parọ́ mọ́ mi. Èmi Mọ́nsúrù tí tíṣà ní orí mi ò gba nǹkan kan ju ẹrù igi lọ, èmi náà ni mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí mò ń so táì mọ́ ọrùn lọ́sàn-án gangan nínú ọyẹ́. Tí mo bá kọjá lọ́jà, àwọn obìnrin á máa pè mí ní Ọ̀gá Adùn-Ilé. Àwọn oníwèé mẹ́wàá ìlú yìí ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń retí iṣẹ́ ìjọba. Èmi tí mo sá nílé ìwé kí ìdánwò tó dé, èmi ni wọ́n ń wá bá pé kí n ṣí àwọn lójú.

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé ara le? Baba ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti ń jẹ́ kí wọ́n dìde kírun? Iṣu ńkọ́, ṣé ẹ ti wà á tán, ṣé màlúù ò tún wọ oko yín bíi ti èṣí? Àtinúkẹ́ ìyàwó wa ńkọ́? Ọjọ́ tí o kọ̀wé kẹ́yìn, o ní oṣù ẹ̀ ti pé. Mo gbà á ládùúrà pé ẹ ti gbóhùn ìyá, ẹ ti gbóhùn ọmọ.

Ràmọ́nì, kí o tó kà á síwájú, dìde. Páálí aṣọ ọmọ tí mo fi rán Ìyápọ̀ awakọ̀ sí yín, má jẹ́ kí wọ́n wọ ìkankan nínú ẹ̀ fún ọmọ. Gbé e jáde nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Wàá rí àwọn kóró róbótó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín aṣọ náà. Kó wọn dà sí ṣáláńgá. Fọ gbogbo aṣọ náà, kí o sá a sí oòrùn lójoojúmọ́ títí wàá fi gbé e símú tí o ò ní gbọ́ òórùn kankan. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ti wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, kí o wo ẹyinjú ẹ̀. Tí ibi tó yẹ kó funfun bá ti pọ́n rúsúrúsú, má dúró de ẹnikẹ́ni. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ibà pọ́njú lásán ni. Ọsibítù ni kí o gbé e lọ. Tí o bá ti ṣe ìyẹn tán, wá jókòó kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ.

Ìgbà tí wọ́n kórè ọkà tán ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Mákindé ti Ìbàdàn dé síbí. Kọ́ńpìnnì tó ń bá ṣiṣẹ́ ń jẹ́ Adùn-Ilé. Nǹkan tó ń mú ilé ta sánsán ni wọ́n ń tà: òróró inú ìgò pẹnpẹ, ẹ̀tù tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹní, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sun bíi tùràrí. Èyí tó wá lọ́lá jù ni kóró tí wọ́n ń jù sínú àpótí aṣọ, tí wọ́n ń pè ní Ẹyin Adùn. Kì í ṣe ọjà títà nìkan ni iṣẹ́ náà. Tí o bá wọlé, o máa mú ẹlòmíràn wọlé sábẹ́ ara ẹ, gbogbo ohun tí ìyẹn bá tà, wàá jẹ níbẹ̀. Ẹni tí òun náà bá mú wọlé, wàá jẹ lára tiẹ̀ náà. Mákindé fi igi yàwòrán ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ó rí gẹ́lẹ́ bí ebè: ẹnì kan ṣóńṣó lókè, àwọn yòókù nísàlẹ̀.

Baba Ògúndìran tó ń gba atẹ́gùn nítòsí wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nínú ebè tí èmi ń kọ láti kékeré, ìsàlẹ̀ ni iṣu ń wà. Kí ni ẹni orí ebè ń jẹ?"

Mákindé ní, "Baba, ẹni orí ebè ló ń rí oko gbogbo."

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀. Mo wọlé lọ́jọ́ náà.

O mọ̀ mí, ẹnu mi ò ní bírékì. Àwọn ìyá Ṣakí ní kí làwọn fẹ́ fi adùn ilé ṣe, ilé àwọn ò rùn. Mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, mo máa ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òórùn ilé ara ẹ̀." Mo rí ìyá kan tó fa etí ìró ẹ̀ símú níṣojú mi, tó rọra wọlé lọ mú owó. Àwọn kan ní káńfọ̀ tí àwọn ti ń lò látayébáyé náà lèyí. Mo ní káńfọ̀ funfun, tiwa pupa. Káńfọ̀ ń lé aáyán, tiwa ń pe àlejò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á. Ohun tí Mákindé sì tẹnu mọ́ fún wa jù ni pé aṣọ tó bá ti bá Ẹyin Adùn sùn, kí wọ́n má sá a, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n kàn fà á yọ kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí adùn náà má baà lọ lára ẹ̀. Èmi náà kọ́ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo mú wọlé ni àbúrò mi Àsíátù, ìyàwó Sàlàkọ́ tí gbogbo wa jọ ń ká máńgòrò lóko olóko.

Oyún wà nínú Àsíátù nígbà náà. Ó kó aṣọ ọmọ sínú àpótí, ó da Ẹyin Adùn sí i bí ẹni da iyọ̀ sọ́bẹ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń tà á. Àpótí yẹn náà ni mo ti yọ aṣọ díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Àtinúkẹ́, mo fi kóró tuntun lé e. Àsíátù bí ọkùnrin. Ìyá Sàlàkọ́ wá láti Ìgbòho kí wọ́n lè máa wẹ ọmọ. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó tán. Wọ́n ní aṣọ tó bá ti inú àpótí jáde, oòrùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi hàn kó tó kan ara ọmọ tuntun. Àsíátù ṣàlàyé òfin kọ́ńpìnnì fún wọn. Wọ́n ní, "Kọ́ńpìnnì yín bímọ rí?" Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sórí okùn lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí àlejò fi máa dé, aṣọ ti padà sínú àpótí, ọmọ sì ti wọ tiẹ̀, ó ń ta sánsán. Mọ́ládé ni wọ́n sọ ọ́. Ràmọ́nì, ọjọ́ yẹn dùn. Gbogbo obìnrin tó bá gbé ọmọ náà ló ń bèèrè pé kí ni wọ́n fi pa á lára. Mo ti gbé páálí mi sẹ́nu ọ̀nà. Iye àwọn tó wọlé sábẹ́ mi lọ́jọ́ náà ju ti gbogbo oṣù lọ. Mákindé gbọ́ ní Ìbàdàn, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé òun máa fi mí jẹ Olórí Ẹ̀ka, òun máa gbé máṣínnì fún mi, nínú pálọ̀ Àsíátù gangan níbi tí iṣẹ́ ìyanu náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá Sàlàkọ́ ló kọ́kọ́ rí i níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Wọ́n ní ojú ẹ̀ ń pọ́n. Mo ní ibà pọ́njú ni, ọmọ tuntun wo ni kì í ní in. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún un lágbo mu, wọ́n sì ń fi ṣáálì tó ti inú àpótí yẹn jáde wé e kí òtútù má mú un. Ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bí omi obì. Ní Sátidé, nígbà tí a ti to àga tán, Àsíátù fa apá mi wọ kọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, kò fa ọmú mọ́." Mo ní ó ti yó ni. Mo ní kó jẹ́ kí àlejò lọ ná. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó padà sínú yàrá. Mákindé sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ohùn ẹkún ọmọ náà ti yí padà, ó ń han gooro, mo sì ń gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.

Èrò àkọ́kọ́ tí mo gbé lórí máṣínnì náà ni Àsíátù àti Mọ́ládé. Ẹ̀yìn ọmọ náà ti tẹ̀ bí ọrun, ó le gbagidi. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ń jẹ́ Àpọ́nlé, àgbà obìnrin. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ, ṣáálì ni wọ́n gbé símú. Wọ́n ní ta ló kó káńfọ̀ sára ọmọ yìí.

Àsíátù ní, "Kì í ṣe káńfọ̀, mà. Ẹyin Adùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń tà á." Ó nawọ́ sí mi. Nínú gbogbo ìdààmú yẹn, ó ṣì ń fi mí yangàn.

Nọ́ọ̀sì gba kóró kan lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì là á. Inú ẹ̀ funfun báláú. Ọ̀dà lásán ni wọ́n fi kùn ún lára. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ò lè gbà á, ṣe ló máa ń bà á jẹ́, tí májèlé ẹ̀ á sì gun orí lọ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé a tètè gbé e wá ni. Wọ́n ní ẹ ò tiẹ̀ sá aṣọ náà ni? Àsíátù ní ìyá ọkọ òun ní àwọn sá a.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kú. Orí máṣínnì náà ni a gbé e padà sí. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Nígbà tí Sàlàkọ́ ti ìrìn àjò tó lọ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ dé, ìyá ẹ̀ ló bi léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ náà. Wọ́n ní àwọn sá aṣọ, àwọn ò ká a. Sàlàkọ́ ní ta ló wá ká a? Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní àgbà a máa gbàgbé nǹkan. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ìyá wò mí. Àsíátù fi ìró bojú. Sàlàkọ́ ò pariwo, ó kó ẹrù ìyá ẹ̀, ó fi wọ́n sínú mọ́tò Ìgbòho. Látọjọ́ náà, Àsíátù ò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ wọn nínú ilé.

Mo rò ó fún Mákindé. Ó ní ọmọ ọwọ́ mélòó ló ń kú lójúmọ́, kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹkún ba ọjà jẹ́. Òkèhò ló wà báyìí, ó ń ya ebè sílẹ̀ fún wọn. Èmi ń gun máṣínnì kiri ilé àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, mò ń gba kóró náà padà. Àwọn kan kó o fún mi. Àwọn kan ní ṣe ni mo fẹ́ gba ipò mọ́ àwọn lọ́wọ́, torí pé àwọn náà ti mú èèyàn wọlé. Nígbà tí mo ní ó ń pa ọmọ, ọ̀kan ní, "Ìwọ náà lo sọ pé ó ń pe àlejò." Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bá mi kí Baba. Kí Àtinúkẹ́, sọ fún un pé kó má bínú sí ẹ̀bùn mi. Mo ti ní kí Ìyápọ̀ má dúró lọ́nà rárá, kó tó já ẹrù ni kó gbé lẹ́tà yìí wá fún ẹ.

Ó ku ohun kan. Ìgbòho ò jìnnà sí yín. Bá mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sàlàkọ́. Ẹni tó ti ibẹ̀ dé lánàá ní wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní wọ́n ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé bóyá àwọn làwọn ká a lóòótọ́, pé ogbó ti dé, pé àwọn ti ń gbàgbé. Ràmọ́nì, sọ fún wọn pé wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹnu mi ò tíì lè sọ ọ́ fún Àsíátù. Àlejò ti ń wọlé lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí ilé ta sánsán. Èmi ni mo ká aṣọ náà lórí okùn.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ ẹ,
Mọ́nsúrù.