Bàbá Mi, Ẹ Má Dúró fún Mi Mọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àárò mi, èmi náà ń sàárò yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ajégúnlẹ̀ níbí, bí yàrá yìí ò tiẹ̀ gba gígùn mi tán. Màámi, mo kí yín pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé Fúnmi àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fo ìlà kankan.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń rí lẹ́tà ọmọ yín. Ẹ má bínú. Bí mo bá sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ẹ ó ti dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi àti tiyín nìkan. Àwọn òbí mìíràn wà tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé fún ọmọ wọn bí ẹ ṣe fọwọ́ sí tèmi.

Ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi, ni mo ṣì wà. Taya tírélà ni wọ́n ṣì ń lẹ̀ ní Malu Road. Òjò ọdún yìí ò ṣojú àánú, ó ti wọ yàrá bá wa, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù. Èèyàn pọ̀ ní àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè sọ inú mi fún. Kápítéènì ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo ń wa bàálù. Ìyá elẹ́wà ò tiẹ̀ gbà pé ó yẹ kí irú mi ra ẹ̀wà láìra ẹran. Bí mo bá ní kò sówó, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bí mo ṣe jókòó sílé lẹ́yìn tí mo gba ìwé-àṣẹ awakọ̀ bàálù. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní àfi kí n ti fò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí àwọn tó lè gbà mí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí wákàtí náà, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà mí? Ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń fi bàálù kó ẹrù ti ń rí irú wa mú. Wọ́n mọ̀ pé ebi wákàtí ń pa wá.

Ọ̀gá wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága, tírélà ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá kó tó ra bàálù àlòkù. Ọ́fíìsì rẹ̀ ò sí nítòsí pápákọ̀ òfuurufú rárá, inú àgbàlá tírélà ní Malu Road ló wà. Ó ti yẹ kí n fura láti ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe ń wa bàálù. Ohun tí Alága béèrè ni pé ta ló máa dúró fún mi. Ó ní òun kì í gbé ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní onídùúró, ìbáà jẹ́ tírélà, ìbáà jẹ́ bàálù. Mo ní mo lè mú lọ́yà wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò fẹ́ lọ́yà, ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ni kí n mú wá.

Ẹ̀yin náà sì wá láti Ìkìrun. Inú yín dùn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá àgbà ṣe dúró fún yín nígbà tí ẹ fẹ́ gba ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ yín. Alága fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ṣe yín lálejò, ẹ fọwọ́ síwèé onídùúró, ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àtijọ́ títí. Ẹ sọ fún un pé nínú gbogbo ọdún tí ẹ fi wakọ̀, ẹ ò kọ ẹrù rí, kí ojú má baà ti ẹni tó dúró fún yín. Mo rí bí ojú Alága ṣe tàn nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ yín pọ̀, mo sì gbé e mì.

Iṣẹ́ náà rèé. Ẹrù máa ń ti Àpápá àti Kirikiri wá, tírélà á kó o lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, àwa á sì gbé e lọ sókè ọya. Owó oṣù ń wá ní ìdajì-ìdajì, oorun ò sì tó. Ìyẹn, mo lè mú un mọ́ra. Ohun tí mi ò lè mú mọ́ra ni ìwọ̀n ẹrù. Bàálù ní ìwọ̀n tó lè gbé, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gbé ẹrù sórí òṣùwọ̀n kó tó wọlé. Níbi tiwa, iye tó bá wu akọ̀wé ló ń kọ. Wọ́n ní àpótí kan ò wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Mo ní kí n gbé e, mi ò tiẹ̀ lè mì ín.

Mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Alága ò bínú. Ó ní kò burú, ó sì jáde síta. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún, ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí lẹ̀ ń gbọ́ yìí, pé mo ti ń gbéra ga, mò ń kọ ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe mí lóore, ṣé kí ojú lè ti yín ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ ní Alága ti ṣàlàyé fún yín, pé ẹrù kékeré ni. Bàbá, kò sóhun tí ẹ ní kí n ṣe rí tí mi ò ṣe. Mo wọ bàálù.

Bàálù yẹn sáré nílẹ̀ títí, kò fẹ́ gbéra. Nígbà tó gbéra, ó dà bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Òrùlé ń kọjá lábẹ́ wa, mo rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, mo rí obìnrin kan tó gbójú sókè tó ń wò wá. Ẹ̀rù bà mí gidi gan-an.

Kápítéènì Ṣọlá, tó jẹ́ ọ̀gá mi nínú bàálù, ló wà á títí a fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ta ló pè mí. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní pásítọ̀ ìjọ àwọn ló dúró fún òun. Nígbà kan tí ọyẹ́ bo ojú sánmà, tóun ní òun ò ní í fò, pásítọ̀ pè, ó gbàdúrà fún òun lórí fóònù, òun ṣe àmín, òun sì fò. Ó ní tọkàntọkàn ni pásítọ̀ fi gbàdúrà náà, kò mọ ohun tí Alága ń lò ó fún. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kì í ṣe èmi ni Alága gbà síṣẹ́. Ẹ̀yin ló gbà.

Ní báyìí, gbogbo nǹkan ni mò ń fura sí. Bí Alága bá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ara mi kì í lélẹ̀. Lánàá, Màámi pè mí, wọ́n ní kí n máa ní sùúrù fún ọ̀gá mi. Màámi, mi ò sọ fún yín pé èmi àti ọ̀gá mi ń fa ọ̀rọ̀. Ta ló sọ fún yín? Ta ló fún Alága ní nọ́ńbà yín? Àpò ìrẹsì tí Fúnmi ní ó dé láti Èkó, èmi kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ o.

Wọ́n ti ń kó ẹrù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jọ. Irin ni, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti sọ fún Alága pé bí wọn ò bá wọ̀n ọ́n, mi ò ní í wọ bàálù yẹn. Ó tún ní kò burú. Bùrọ̀dá Múfú ní àbẹ̀g, kí n fi bàálù sílẹ̀ fún un kí n wá máa lẹ taya. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá lọ, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ síwèé ni wọ́n máa wá bá.

Bàbá mi, ẹ mọ bí ọkọ̀ tí ẹrù pọ̀ jù ṣe ń ṣe lórí òkè. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá dákẹ́, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó já ewé sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ó wá ibi jẹun sí títí mẹkáníìkì á fi dé. Tèmi, ibo ni mo fẹ́ já ewé sí lókè yẹn? Ẹ wá sí Malu Road, ẹ sọ fún Alága lójú mi pé ẹ ò dúró fún mi mọ́. Mo mọ̀ pé ojú á tì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tì yín. Bí iṣẹ́ bá bọ́, kó bọ́.

Mo kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Kí Ọlọ́run fún yín lálàáfíà, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ẹ má fi ojú yín rí ohun tí ẹ ò fẹ́.

Kí ẹ tó dé, wọ́n á ti pè yín, ó dá mi lójú. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn béèrè ìwọ̀n ẹrù náà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n. Bí wọn ò bá rí i sọ, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pè mí. Bí ẹ bá pè mí, màá fò.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádébọ̀