Màmá Ki Àwẹ̀ró Lórí Pápá

Àsàlámù àlàékúmù o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ìlá Ọ̀ràngún ni mò ń gbé.

Ayọ̀ fẹ́ pa mí o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tuntun kan fún àwọn obìnrin sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún yìí, ọmọ mi Àwẹ̀ró sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbá a ní Òṣogbo, èmi àti ìyá ọkọ mi jọ lọ wòran.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù jáde. Àwẹ̀ró wá sétí ìlà, níwájú wa gan-an, láti jù ú wọlé. Ni Màmá bá pariwo, "Àwẹ̀ró ọmọ mi!" Ọmọ kúnlẹ̀, tòun ti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Màmá bá fi oríkì bọnu. Ta ló máa dìde nígbà tí àgbà ń kì í? Àṣé wọn kì í gbà kéèyàn di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ níbẹ̀! Rẹfirí fọn fèrè, ó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n ṣe nà wá nìyẹn. Kóòṣì ń bínú, Màmá ń yangàn: "Ẹ ò rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!"

Síbẹ̀, a ti dé àṣekágbá! Kóòṣì ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n jókòó sílé. Èmi ìyàwó ilé wọn? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Wọ́n ti lọ ìró àti bùbá wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí kò bá sì sọ́gbọ́n mìíràn, ẹ bá mi bẹ ẹgbẹ́ tá a máa bá gbá àṣekágbá: kí àwọn náà gbé ìyá àgbà tiwọn wá.